Bí a ṣe ń yan kébù kọ́pà fún súwíìṣì àti sáfà, bí a ṣe ń fi í bọ pọ́ọ̀tù, àti bí a ṣe ń dán an wò

Nígbà ọyẹ́ tó kọjá, wọ́n pè mí sí ọ́fíìsì kan níbí ní Adó-Èkìtì. Wọ́n ti ra sáfà tuntun, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń tọ́jú fáìlì fún gbogbo ọ́fíìsì, wọ́n ra àpótí dísìkì tì í, síbẹ̀ fáìlì tó yẹ kó kọjá kí èèyàn tó mu ife omi kan tán ń gbà wọ́n ní nǹkan bí ìdajì wákàtí. Fáírọ́ọ̀sì ni wọ́n kọ́kọ́ fura sí. Wọ́n pa gbogbo ohun tó wà lórí sáfà náà rẹ́, wọ́n tún un tò, lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tí mo ṣí ẹ̀yìn ráàkì, àpótí irin tí wọ́n to àwọn ẹ̀rọ náà sí, mo rí kébù tó so sáfà mọ́ súwíìṣì, ẹ̀rọ tó ń so àwọn kọ̀ǹpútà pọ̀: ilẹ̀kùn ráàkì ti tẹ̀ ẹ́ ká bí aṣọ tí wọ́n fi irin lọ̀, orí rẹ̀ kan kò sì wọlé tán. Mo yọ ọ́, mo fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Kò gbà mí tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Irú nǹkan báyìí kì í jẹ́ kí n sùn dáadáa, nítorí owó ńlá ni wọ́n ná sórí ẹ̀rọ, tí kébù kékeré sì sọ ọ́ di aláìlágbára. Kí a tó ka ẹ̀sùn sí ẹ̀rọ lẹ́sẹ̀, ẹ jẹ́ ká wo kébù. Bí a bá sì ti fẹ́ wo kébù, orí rẹ̀ ni ká kọ́kọ́ wò. Mo kọ èyí fún ẹni tó ń tọ́jú ráàkì ilé-ìwé, ti ilé ìwòsàn tàbí ti ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀, ìbáà jẹ́ ní Ìkẹ́rẹ́, ní Ọ̀yẹ́ tàbí ní Ìkọ̀lé, kó lè ṣe é fúnra rẹ̀ láìjẹ́ pé ó ń dúró de ẹnikẹ́ni láti Èkó.

Irú kébù tí mò ń sọ

Gbogbo wa la mọ wáyà íntánẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ búlúù tí a ń gé bó ṣe wù wá, tí a ń fi kírímpà tẹ orí RJ45 mọ́. Èyí tí mò ń sọ yàtọ̀ sí i. Ó kúrú, dúdú ló sábà máa ń jẹ́, irin ni orí rẹ̀ méjèèjì, ilé-iṣẹ́ tó ṣe é ló sì ti so orí náà mọ́ ọn láti ìbẹ̀rẹ̀. DAC ni àwa oníṣẹ́ ń pè é, ìkékúrú fún direct attach copper, ìyẹn kébù kọ́pà (bàbà) tí a ń so ní tààrà.

Bí ẹ bá la inú rẹ̀, ẹ máa rí wáyà bàbà méjì méjì tí wọ́n tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn bí ìbejì, tí wọ́n fi rọ́bà yà sọ́tọ̀, tí wọ́n sì fi fóìlì wé pọ̀. Ohun tí Táyé ń gbé lọ, Kẹ́hìndé ń gbé òdìkejì rẹ̀. Ìyàtọ̀ àárín àwọn méjèèjì ni ẹ̀rọ tó wà ní ìpẹ̀kun ń kà, nítorí náà ariwo iná tó bá bà lé wọn láti ìta, tó sì bà lé méjèèjì bákan náà, á pa ara rẹ̀ rẹ́. Kébù gígábíìtì 10 (gígábíìtì ni a fi ń wọn bí dátà ṣe ń sáré tó ní ìṣẹ́jú àáyá kan) ní ìbejì méjì, ọ̀kan fún lílọ, ọ̀kan fún bíbọ̀. Ti 40 àti ti 100 ní mẹ́jọ. Bí ẹ bá wá ká kébù náà jù, àyè tó wà láàrín ìbejì yẹn á yí padà níbi tó ti ká, ohun tó ń lọ nínú wọn á sì bẹ̀rẹ̀ sí í padà sẹ́yìn láti ibẹ̀ bí omi tó kọ lu òkúta.

Nǹkan mìíràn tún wà. Bí iná inú wáyà bá ṣe ń yí lọ yí bọ̀ kíákíá tó, bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń kúrò ní àárín bàbà wá sí ojú rẹ̀, bí omi ṣe ń yí lórí ewé kókò láìwọ inú ewé. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń ṣe é fi máa ń fi fàdákà bo ojú bàbà náà. Ìdí nìyẹn náà tí kébù fi gbọ́dọ̀ kúrú: eré tó pọ̀ máa ń jẹ agbára ohun tó ń lọ nínú wáyà náà kó tó dé òkèèrè.

Orí kébù ni mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ jù. Pátákó kékeré kan wà nínú irin yẹn, etí pátákó náà sì ní eyín wúrà: ogún lára orí kékeré tí wọ́n ń pè ní SFP, méjìdínlógójì lára èyí tó fẹ̀ jù ú lọ, QSFP. Ṣíìpù kan tún wà níbẹ̀ tó ń tọ́jú orúkọ ẹni tó ṣe kébù náà, nọ́ńbà rẹ̀ àti bó ṣe gùn tó. Bí ẹ bá ti kì í bọ pọ́ọ̀tù, súwíìṣì á ka ṣíìpù yìí kó tó dá a lóhùn. Nítorí náà, tí orí bá bàjẹ́, kébù ti lọ nìyẹn. Kò sí kírímpà kan ní Ajílòsún tàbí ní Ìkẹjà tó lè dá a padà.

Àwọn kan á bi mí pé kí ló dé tí n kò ní kí wọ́n lo fíbà, wáyà dígí tó ń fi ìmọ́lẹ̀ gbé dátà. Fíbà dára, mo sì máa sọ ibi tó ti di dandan. Ṣùgbọ́n nínú ráàkì kan ṣoṣo, kọ́pà ni mo máa ń yàn. Kò ní lésà tó lè kú, kò ní ojú dígí tí eruku lè bò, kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ iná rárá. Orí tó ń sọ pọ́ọ̀tù SFP+ di RJ45 fún gígábíìtì 10 lè jẹ wáàtì 2 sí 3, ẹ fọwọ́ kàn án, ẹ máa mọ̀ pé ó gbóná. Níbi tí bátìrì ínfátà ti ń gbé ráàkì láti alẹ́ mọ́jú, mo máa ń ka wáàtì bí ìyá ọlọ́jà ṣe ń ka owó.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ ka ojú pọ́ọ̀tù

Ẹ lọ síwájú ẹ̀rọ méjèèjì pẹ̀lú ìwé àti bírò. Ẹ má gbé e sórí. Pọ́ọ̀tù tó kéré, tó fẹ̀ tó ìka ọwọ́ kan àti díẹ̀, lè jẹ́ SFP+, èyí tó ń sáré gígábíìtì 10 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ó sì lè jẹ́ SFP28, tó ń sá 25. Ojú lásán kò lè mọ̀ wọ́n yàtọ̀. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́ pọ́ọ̀tù tàbí kí ẹ ṣí ìwé ẹ̀rọ náà. Èyí tó fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ ni ìdílé QSFP: QSFP+ ń sá 40, QSFP28 ń sá 100. Àwọn kan wà tó ju èyí lọ, QSFP56 tó ń sá 200 àti QSFP-DD tó ń sá 400, ṣùgbọ́n n kò tíì fọwọ́ kan ráàkì kan ní Èkìtì tó nílò wọn.

Kébù SFP+ sábà máa ń ṣiṣẹ́ nínú pọ́ọ̀tù SFP28, yóò kàn sá 10 ni, bí ẹ bá sọ fún pọ́ọ̀tù náà pé kó sá 10. Kébù tó ní orí QSFP kan ní apá kan, tó wá là sí orí SFP mẹ́rin ní apá kejì, tún wà. Ó wúlò gan-an tí súwíìṣì yín bá ní QSFP tí ẹ kò lò. Àmọ́ súwíìṣì kò ní mọ̀ fúnra rẹ̀ pé ẹ ti là á sí mẹ́rin. Ẹ gbọ́dọ̀ wọ inú rẹ̀ kí ẹ pín pọ́ọ̀tù náà, àwọn súwíìṣì kan kò sì gbà kí a pín gbogbo pọ́ọ̀tù wọn.

Ti àpótí dísìkì ní orí tirẹ̀. Nọ́ńbà ni wọ́n fi ń pè wọ́n, ibi tí àṣìṣe ti ń pọ̀ sì nìyẹn. SFF-8087 wà fún inú àpótí, SFF-8088 fún ìta. Àwọn méjèèjì yìí ni ẹ máa bá lára ẹ̀rọ ìgbà gígábíìtì 6. Àwọn tó tẹ̀lé wọn ni SFF-8643 fún inú àti SFF-8644 fún ìta, gígábíìtì 12 lójú ọ̀nà kọ̀ọ̀kan, ọ̀nà mẹ́rin sì wà nínú kébù kan. Mo ti rí ẹni tó ra 8643 nígbà tí 8644 ló nílò. Nọ́ńbà kan péré ló fi ṣìnà, ó sì san owó wébìlì lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ ya fọ́tò ihò náà ránṣẹ́ sí ẹni tó ń tà á, kó wò ó kẹ́ ẹ tó sanwó.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ fi okùn wọn ọ̀nà

Ẹ má fi ojú wọ̀n ọ́n. Ọmọṣẹ́ mi kan wọn ráàkì kan ní Ìkẹ́rẹ́ láti ìsàlẹ̀ sókè ní gbọọrọ, ó ní mítà kan á tó. Nígbà tí kébù dé, ó fi apá kan bọ súwíìṣì, ó fa apá kejì lọ sí sáfà, ló bá dákẹ́. "Ọ̀gá, ó ku bí àtẹ́lẹwọ́ kan." Àtẹ́lẹwọ́ kan yẹn ni àyè tí kébù fi máa ń yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kó tó gòkè, òun ni kò kà.

Ẹ mú okùn tàbí òwú, ẹ mú un tẹ̀lé ọ̀nà tí kébù máa gbà gan-an: kó jáde ní pọ́ọ̀tù, kó yà sí ẹ̀gbẹ́ ráàkì, kó gòkè tàbí kó sọ̀ kalẹ̀, kó tún yà wọlé. Tí sáfà bá wà lórí irin tó ń fà síta, ẹ fà á jáde tán kẹ́ ẹ tó wọ̀n ọ́n. Ẹ wá fi bí ìgbọ̀nwọ́ kan kún un. Gígùn tí wọ́n sábà máa ń tà ni ìdajì mítà, mítà 1, 2, 3, 5 àti 7. Èyí tó ga ju ìwọ̀n yín lọ díẹ̀ ni kẹ́ ẹ rà. Ẹ má ra mítà 5 fún iṣẹ́ mítà 2 nítorí pé ó wà nílẹ̀. Èyí tó kù á di ìdì lẹ́yìn sáfà, á sì dí ọ̀nà tí atẹ́gùn gbígbóná fẹ́ gbà jáde.

Ní ti ibi tó lè dé: kébù tí kò ní ẹ̀rọ agbára nínú orí, gígábíìtì 10, lè lọ tó mítà 7. Ti 40 náà lè dé 7. Ti 100 kò gbọ́dọ̀ kọjá 5. Ti 25 wà ní àárín: mítà 3 tí ẹ kò bá tan àtúnṣe àṣìṣe tí wọ́n ń pè ní FEC, 5 tí ẹ bá tan oríṣi rẹ̀ tó lágbára jù, RS-FEC. Bí ọ̀nà yín bá ju èyí lọ, ẹ yí padà sí fíbà, tàbí tó bá jẹ́ gígábíìtì 10 ni, kí ẹ lo wáyà Cat6A pẹ̀lú RJ45, èyí tó lè dé mítà 100. Cat6 lásán kò gbé 10 kọjá nǹkan bíi 55.

Ẹ wo bó ṣe nípọn tó pẹ̀lú. AWG ni wọ́n ń kọ sí ara rẹ̀, nọ́ńbà tó kéré ló nípọn jù. 30 tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì rọrùn láti ká, ó tó fún mítà 1 tàbí 2. 24 nípọn ó sì le, òun ni wọ́n máa ń fi ṣe èyí tó gùn. Tí àyè bá há lẹ́yìn ráàkì yín, ẹ béèrè tẹ́ẹ́rẹ́.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ rí i dájú pé ẹ̀rọ méjèèjì á gbà á

Mo ti sọ ti ṣíìpù tó wà ní orí. Àwọn súwíìṣì kan máa ń ka orúkọ tó wà níbẹ̀, tí kò bá jẹ́ orúkọ ilé-iṣẹ́ tó ṣe àwọn, wọ́n á ti pọ́ọ̀tù náà pa. Kébù náà kò ní àléébù kankan. Kò kàn jẹ́ ọmọ ilé ni.

Ohun tó dára ni pé orí kọ̀ọ̀kan ló ní ṣíìpù tirẹ̀. Tí sáfà yín bá jẹ́ ti Dell, tí súwíìṣì sì jẹ́ ti Cisco, àwọn tó ń tà á lè kọ orúkọ Dell sí orí kan kí wọ́n kọ Cisco sí ìkejì. Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá ń kọ̀wé sí ẹni tó wà ní Computer Village ní Ìkẹjà, ẹ má kọ "DAC mítà 3" nìkan. Ẹ kọ orúkọ àti nọ́ńbà súwíìṣì, orúkọ káàdì tó wà nínú sáfà, irú orí méjèèjì, eré, gígùn. Kí wọ́n tó gbé e fún awakọ̀, ẹ ní kí wọ́n ya fọ́tò bébà tó lẹ̀ mọ́ orí kébù, kẹ́ ẹ kà á. Tí ẹ bá máa ra tòkunbọ̀, ẹ béèrè fọ́tò eyín wúrà náà pẹ̀lú: kó máa dán, kí ìlà kankan má ha á já dé bàbà.

Àṣẹ kan wà lórí ọ̀pọ̀ súwíìṣì Cisco, service unsupported-transceiver, tó ń jẹ́ kó gba ọmọ àlejò. Ó máa ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n tí wàhálà bá dé lẹ́yìn náà, ilé-iṣẹ́ lè sọ pé àwọn kò ní ran yín lọ́wọ́. Mo máa ń lò ó fún àdánwò, n kì í lò ó fún ráàkì ilé ìwòsàn.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ wo iná àti ilẹ̀ kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan

Mo fẹ́ kí ẹ dúró níbí pẹ́ díẹ̀, torí pé ibí ni ẹ̀rọ ti ń jóná.

Irin orí kébù kan irin ara sáfà. Orí kejì kan irin ara súwíìṣì. Fóìlì inú kébù so méjèèjì pọ̀. Ìyẹn ni pé nígbà tí ẹ bá ti so wọ́n, ara kan náà ni wọ́n. Bí sáfà bá ń jẹ iná láti ara ínfátà, tí súwíìṣì ń jẹ láti ara jẹnẹrétọ̀, tí wọn kò sì jọ ní ilẹ̀ kan náà, iná tó yẹ kó gba wáyà ilẹ̀ kọjá lè gba inú kébù yín. Nígbà míì á kàn mú kí àṣìṣe pọ̀. Nígbà míì pọ́ọ̀tù á kú. Ẹ jẹ́ kí gbogbo ohun tó wà nínú ráàkì jẹun láti orísun kan, kí wáyà ilẹ̀ tó nípọn so irin ráàkì náà mọ́ irin ilẹ̀ ilé, kí oníná sì fi mítà rẹ̀ wò ó pé ó ṣe déédéé.

Láàrín ilé méjì, ẹ má fa kọ́pà rárá. Ẹnikẹ́ni tó bá ti wà ní Èkìtì nígbà òjò àkọ́rọ̀ mọ bí àrá ṣe ń sán láàrín àwọn òkè wọ̀nyí. Kò dìgbà tí mọ̀nàmọ́ná bá kọ lu ilé yín gan-an. Tó bá bọ́ sí ilẹ̀ tòsí, agbára iná inú ilẹ̀ ilé kan lè ga ju ti ìkejì lọ fún ìdá kékeré kan nínú ìṣẹ́jú àáyá, iná á sì wá ọ̀nà gba ara kébù. Fíbà ló yẹ níbẹ̀, èyí tí kò ní irin kankan nínú. Dígí kì í gbé iná.

Ní ti ara yín fúnra yín: nígbà ọyẹ́, atẹ́gùn gbẹ, ẹ sì mọ iná tó máa ń ta èèyàn lọ́wọ́ tí a bá bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì tàbí tí a fọwọ́ kan irin. Iná kékeré yẹn pọ̀ jù fún ṣíìpù orí kébù. Kí ẹ tó yọ kébù kúrò nínú ọ̀rá rẹ̀, ẹ fi ọwọ́ kan irin ráàkì tí kò ní ọ̀dà, kẹ́ ẹ sì máa fọwọ́ kàn án láti ìgbà dé ìgbà. Ẹ má fi ìka kan eyín wúrà.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ fi í bọ pọ́ọ̀tù

Ẹ fi rọ́bà tó bo orí kébù sílẹ̀ títí di ìgbà tí ẹ bá fẹ́ kì í bọlẹ̀. Eruku Èkìtì nígbà ọyẹ́, pàápàá níbi tí ọ̀nà tí kò ní ọ̀dà wà níwájú ọ́fíìsì, kì í fi ihò kankan sílẹ̀.

Lórí ọ̀pọ̀ súwíìṣì, pọ́ọ̀tù òkè àti ti ìsàlẹ̀ dojú kọ ara wọn. Orí tó bá wọ òkè ní ìdúró kan gbọ́dọ̀ yí padà kó tó lè wọ ìsàlẹ̀. Ẹ mú orí náà ní ẹ̀gbẹ́ irin rẹ̀ méjèèjì, ẹ tì í wọlé ní tààrà, láì tẹ̀ ẹ́ sókè tàbí sísàlẹ̀. Ó máa lọ wẹ́rẹ́, lẹ́yìn náà á le díẹ̀, ẹ ó sì gbọ́ "kọ́". Tí ẹ kò bá gbọ́ "kọ́", kò tíì wọlé. Tó bá le ní ìbẹ̀rẹ̀, ẹ má fi agbára mú un; ẹ yọ ọ́, ẹ yí i padà, ẹ tún un ṣe. Lẹ́yìn "kọ́", ẹ fà á sẹ́yìn díẹ̀ láti ara irin rẹ̀, pẹ̀lú ọwọ́ pẹ̀lẹ́. Kò gbọ́dọ̀ jáde. Fífà pẹ̀lẹ́ yìí ni ẹni tó ṣe ti ọ́fíìsì ọjọ́ yẹn kò ṣe.

Láti yọ ọ́, ẹ kọ́kọ́ tì í wọlé díẹ̀ kí ìdè rẹ̀ lè dẹ̀, ẹ wá fa ahọ́n rọ́bà tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ má fa kébù fúnra rẹ̀ láéláé.

Ti súwíìṣì, ẹ lè kì í bọ tàbí kẹ́ ẹ yọ ọ́ nígbà tí iná wà lórí rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe é. Ti àpótí dísìkì kò rí bẹ́ẹ̀ fún mi. Lóòótọ́ wọ́n ṣe ihò náà kó lè gba kébù nígbà tí iná wà, ṣùgbọ́n tí ẹ bá yọ kébù nígbà tí sáfà ń kọ nǹkan sórí dísìkì, dátà lè ya sí méjì. Ẹ dá iṣẹ́ dúró, ẹ yọ dísìkì náà kúrò lórí sáfà, tàbí kí ẹ pa sáfà, kí ẹ tó fọwọ́ kàn án.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ẹ jẹ́ kó sinmi

Ẹ jẹ́ kí kébù jáde ní gbọọrọ fún bí ìwọ̀n ìka mẹ́rin tí a tò pọ̀, kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í ká. Ẹ̀yìn orí gan-an ni ibi tí wọ́n ti so wáyà mọ́ pátákó, ibẹ̀ ló sì máa ń kọ́kọ́ já. Tí ìwé ilé-iṣẹ́ bá sọ bó ṣe lè ká tó, ẹ tẹ̀lé e. Níbi tí kò bá ti sí ìwé, mo máa ń fi sísanra kébù náà ní ìlọ́po mẹ́wàá ṣe ìwọ̀n láti àárín ibi tó ká dé etí rẹ̀: kébù tó sanra tó mìlímítà 5, ẹ má ká a ju bí yóò ṣe ká yí agolo Bournvita ńlá lọ.

Okùn alẹ̀mọ́ra tó rọ̀, bí èyí tó wà lára bàtà ọmọdé, ni kẹ́ ẹ fi dè é. Táì rọ́bà tí a ń fà títí tó fi gé ara kébù wọlé, tí a wá fi sísọ́ọ̀sì gé ìrù rẹ̀, ẹ jẹ́ kó wà fún wáyà iná. Ẹ má so kébù mẹ́wàá tó wúwo kí gbogbo ìwọ̀n wọn máa fà sórí pọ́ọ̀tù. Ẹ fi irin ẹ̀gbẹ́ ráàkì gbé wọn. Lẹ́yìn náà, ẹ ti ilẹ̀kùn ráàkì, ẹ tún un ṣí, ẹ wò ó bóyá ó kan nǹkankan.

Ìgbésẹ̀ keje: ẹ dán an wò

Iná kékeré tó tàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ pọ́ọ̀tù sọ pé wọ́n ti rí ara wọn. Kò sọ pé wọ́n gbọ́ ara wọn yé.

Lórí sáfà Linux, ẹ kọ ip link kẹ́ ẹ mọ orúkọ káàdì, ká ní enp3s0f0 ni. Ẹ kọ ethtool enp3s0f0, ẹ wo ìlà Speed: 10000Mb/s ló yẹ kó wà níbẹ̀ fún gígábíìtì 10. Ẹ kọ ethtool -m enp3s0f0, á ka ohun tó wà nínú ṣíìpù orí kébù fún yín: ẹni tó ṣe é, nọ́ńbà rẹ̀, gígùn bàbà rẹ̀ ní mítà. Mo fẹ́ràn èyí, torí pé ó máa ń tú àṣírí kébù tí wọ́n pè ní mítà 2 tó jẹ́ mítà 3.

Ẹ wá kọ ethtool -S enp3s0f0, ẹ wá gbogbo ìlà tó ní crc tàbí error nínú, ẹ kọ òǹkà wọn sílẹ̀. Iperf3 ni ètò tó ń wọn eré láàrín ẹ̀rọ méjì: ẹ fi iperf3 -s sí ẹ̀rọ kan, kẹ́ ẹ fi iperf3 -c àti àdírẹ́ẹ̀sì rẹ̀ pẹ̀lú -t 600 sí ìkejì, kó sá fún ìṣẹ́jú 10. Kébù gígábíìtì 10 tó dára máa ń fún yín ní nǹkan bíi 9.4, ìyókù ni orí páákẹ́ẹ̀tì, ìyẹn àdírẹ́ẹ̀sì tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ìdì dátà kọ̀ọ̀kan, jẹ. Tó bá parí, ẹ tún ka òǹkà àṣìṣe. Kò yẹ kó ti gbéra. Nígbà tó bá ń sá lọ, ẹ fi ọwọ́ mi kébù jẹ́jẹ́ lẹ́yìn orí rẹ̀. Tí òǹkà bá fò sókè bí ẹ ṣe fọwọ́ kàn án, ẹ ti rí àrùn náà.

Fún gígábíìtì 25, ẹ rí i pé FEC jọra ní ìhà méjèèjì. Àṣẹ ethtool --show-fec enp3s0f0 á sọ ti sáfà fún yín. Tí ọ̀kan bá tan RS, tí ìkejì pa á, iná pọ́ọ̀tù kò tiẹ̀ ní tàn, ẹ ó sì rò pé kébù ló kú.

Tí kò bá ṣiṣẹ́

Ohun kan ni kẹ́ ẹ yí lẹ́ẹ̀kan. Ẹ yọ orí náà, ẹ tún un kì bọlẹ̀. Tí kò bá yí padà, ẹ gbé kébù kan náà lọ sí pọ́ọ̀tù mìíràn. Tí àṣìṣe bá bá kébù lọ, kébù ni. Tó bá dúró sí pọ́ọ̀tù àkọ́kọ́, pọ́ọ̀tù ni. Ẹni tó bá yí kébù àti pọ́ọ̀tù lẹ́ẹ̀kan náà lè rí ìwòsàn, kò sì ní mọ ohun tó wo òun sàn.

Tí eyín wúrà bá dọ̀tí, ẹ fi ọtí isopropyl tó mọ́ gaara rin aṣọ tí kì í tú òwú, ẹ nu ún lọ sí ọ̀nà kan ṣoṣo, láti inú bọ̀ síta, ẹ jẹ́ kó gbẹ. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ wa ló ń fi rọ́bà tí ọmọ iléèwé fi ń pa pẹ́ńsùlù rẹ́ nu eyín RAM. Ẹ má ṣe é síbí. Wúrà orí kébù fẹ́lẹ́, rọ́bà yẹn á họ ọ́ kúrò, bàbà abẹ́ rẹ̀ á sì dípẹtà kí òjò ọdún kan tó kọjá. Fún inú pọ́ọ̀tù, ẹ lo fèrè rọ́bà tí àwọn oníkámẹ́rà fi ń fẹ́ eruku. Ẹ má fi ẹnu fẹ́ ẹ, itọ́ wà nínú èémí. Ẹ má ki abẹ́rẹ́ tàbí pínnì bọ inú rẹ̀ láti tún eyín tó tẹ̀ ṣe. Ẹ ti pọ́ọ̀tù náà pa, kẹ́ ẹ lo òmíràn.

Ohun tó kù ni àkọsílẹ̀. Ẹ fi bébà kékeré lẹ orí méjèèjì, kí orúkọ kan náà wà lórí wọn: ibi tó ti wá, ibi tó ń lọ, ọjọ́ tí ẹ so ó. Ẹ ní kébù àfikún kan fún gígùn kọ̀ọ̀kan tó wà nínú ráàkì yín, kó wà nínú ọ̀rá rẹ̀ pẹ̀lú rọ́bà orí rẹ̀. Èyí tí ẹ bá sì rí i pé ó ti ká já, tàbí tí àṣìṣe rẹ̀ kò lọ lẹ́yìn gbogbo èyí, ẹ má jù ú sí ìsàlẹ̀ ráàkì. Ẹ mú pláyà, ẹ gé orí méjèèjì kúrò lójú ẹsẹ̀, torí ẹnì kan á wá kébù lóru ọjọ́ kan tí iná ti lọ, á sì ro pé ẹ̀yin lẹ tọ́jú rẹ̀ dè òun.